Páànù àkọ́kọ́ ni kí ẹ fara balẹ̀ kàn

Èmi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé páànù gun òrùlé kí n tó wọn igun rẹ̀. Ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà 3 lára etí òrùlé, ẹ wọn 4 sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí àárín àmì méjèèjì kò bá jẹ́ 5 gééré, igun náà wọ́. Páànù àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi tún un ṣe, torí ìyókù á tẹ̀lé e.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìjì kì í ti í sábà wá, kí etí páànù tó gun èkejì lè kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Ẹ jẹ́ kó yọ kọjá igi etí òrùlé ní bíi sẹ̀ǹtímítà 5.

Skúrù gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ dè é títí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ á fi tẹ́ mọ́ páànù. Bí rọ́bà bá ti fún síta, ó ti le jù, yóò ya. Bó bá ṣì ń yí, omi á wọlé. Kó wọnú igi ní tààrà, kó má dagun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń ta iná gé páànù: ó ń jó ọ̀dà rẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti máa dípẹtà. Sísọ́ọ̀sì páànù ni kí ẹ lò. Ẹ gbá èérún irin kúrò lójoojúmọ́. Bí òjò bá ṣú, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Páànù tútù ń yọ̀ gan-an.