Bẹ́ ẹ ṣe lè ka lẹ́tà ọ̀gá ológun sí olóṣèlú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe History l'Ọ̀yọ́ níbí tí wọ́n fún ní asáímẹ́ǹtì lórí ogun tí Amẹ́ríkà fi gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má tíì lọ ra ìwé kankan. Ẹ ṣí Founders Online lórí fóònù, ìyẹn ìkànnì tí wọ́n kó lẹ́tà àwọn tó dá Amẹ́ríkà sílẹ̀ sí, ọ̀fẹ́ ni, ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ ló sì kún ibẹ̀, kì í jẹ dátà púpọ̀. Ẹ lè fi orúkọ ẹni tó kọ lẹ́tà, ẹni tó gbà á àti déètì wá a.

Lẹ́tà kan ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ o: èyí tí George Washington, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà nígbà yẹn, kọ láti Valley Forge, ibùdó wọn ní Pennsylvania, lọ́jọ́ 23 oṣù December 1777 sí Henry Laurens, ààrẹ Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì. Kẹ́ ẹ tó kà á, ẹ bi ara yín pé kí ló ń wá, torí ọ̀gá ológun kì í déédéé kọ̀wé sí olóṣèlú, nǹkan ló ń tọrọ. Ó ní ọmọ ogun 2,898 ni ò ṣeé lò torí wọn ò ní bàtà, aṣọ ò sì sí lára wọn, ó ní táwọn aláṣẹ ò bá tètè wá nǹkan ṣe ebi á pa wọ́n tàbí kí wọ́n tú ká. Ìyà yẹn jẹ wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ó tún ń fi dẹ́rù ba àwọn Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ni. Àwọn aṣòfin Pennsylvania ti ń ráhùn pé kí ló dé táwọn ológun fẹ́ lọ jókòó nígbà òtútù, ló bá fi èébú sí i, ó ní ó rọrùn kéèyàn jókòó ti iná nínú yàrá kó máa sọ̀rọ̀. Ibi tó dùn jù nìyẹn lójú tèmi.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà. ALS túmọ̀ sí pé òun fúnra ẹ̀ ló fọwọ́ kọ ọ́, LS ni pé ẹlòmíì kọ, òun kàn sáìnì. Àwọn bíi Alexander Hamilton àti Tench Tilghman ló ń bá a kọ̀wé. (Lẹ́tà tí Aláàfin Adéyẹmí Kìíní fi ránṣẹ́ sí gómìnà Èkó ní 1881 nígbà ogun Kírìjì ńkọ́, ṣé Kábíyèsí ló jókòó kọ gẹ̀ẹ́sì ni?)

Lẹ́yìn náà ẹ lọ sí November 30, 1776. Washington já lẹ́tà tí Charles Lee kọ sí Joseph Reed, ó rò pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, àṣé àwọn méjèèjì, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá ológun lábẹ́ ẹ̀, ń bú u lẹ́yìn. Ó fi ránṣẹ́ sí Reed, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú pé òun já a. Ẹ ka ìyẹn mọ́ ti Valley Forge.

Tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi déètì, ẹni tó kọ àti ẹni tó gbà á sí i, línkì nìkan ò tó.