Ilé-iṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó láti wá iṣẹ́ akáǹtì

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ tó ka akáǹtì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀ sílẹ̀, tó ń gbé Sàngó Ọ̀tà, ṣe àpẹẹrẹ. Ohun tó sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kó kọ CV kan ṣoṣo, kó fi ránṣẹ́ síbi gbogbo tí wọ́n bá ti ń wá akáńtáǹtì: báǹkì, ilé-ìwé, ilé-epo, ilé-ìwòsàn. Oṣù mẹ́ta kọjá, igba CV ti lọ, ẹnikẹ́ni ò pè é. CV tó bá gbogbo ilé-iṣẹ́ mu kì í bá ọ̀kankan mu rẹ́gí. Kó yan oríṣi ilé-iṣẹ́ kan, àgbègbè kan àti ipò méjì péré.

Àgbègbè ni kó kọ́kọ́ yàn, owó ọkọ̀ ni yóò sì fi yàn án. Láti Sàngó, Ọ̀tà wà nítòsí, Ìkẹjà ṣeé lọ, Agbára náà ṣeé lọ bí ọ̀nà Àtàn bá gbà. Lẹ́kkí lójoojúmọ́? Kó má tan ara rẹ̀ jẹ. Iṣẹ́ tí owó ọkọ̀ bá ń jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù rẹ̀, èèyàn kì í pẹ́ nídìí rẹ̀ kó tó tún padà sídìí wíwá iṣẹ́.

Fáktìrì ló pọ̀ ní àwọn àdúgbò yìí, nítorí náà ipò méjì tó yẹ kó lé ni ti ẹni tó ń ṣírò ọjà inú sítọ́ọ̀, àti ti ẹni tó ń yẹ ìwé àwọn tó ń kó ẹrù wá wò kí wọ́n tó sanwó fún wọn. Gbogbo fáktìrì ló nílò àwọn méjèèjì.

Ẹ wá kọ orúkọ ilé-iṣẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sílẹ̀: ńlá márùn-ún, agbedeméjì mẹ́wàá. Àwọn ńlá máa ń gba èèyàn nípasẹ̀ ìdánwò, èrò sì máa ń pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn agbedeméjì ni kí ẹ fi agbára yín sí. Ilé-iṣẹ́ tó bá wà lórí NGX, ìyẹn ọjà ìpín ìdókòwò Nàìjíríà, gbọ́dọ̀ máa gbé ìṣírò owó rẹ̀ jáde, ọ̀fẹ́ ni ẹ ó sì kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo iye tí wọ́n ná sórí ẹ̀rọ àti ilé tuntun, torí ẹni tó ń kọ́ ilé-iṣẹ́ kún ilé-iṣẹ́ yóò nílò òṣìṣẹ́. Ẹ wo ìròyìn náà: ní 2023, GSK tó ń ṣe oògùn àti P&G tó ń ṣe Pampers kéde pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, ọjà àwọn á kàn máa wọlé láti òkèèrè ni. Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sí lórí ìwé yín.

Àwọn agbedeméjì kì í sábà sí lórí NGX. Ẹ gun ọ̀kadà lọ yí ká ní ọjọ́ kan, kí ẹ kọ orúkọ tó wà lára géètì àti lára tírélà. Lọ́sàn-án, ẹ jẹun ní búkà tó wà lẹ́nu géètì. Ìyá olóúnjẹ mọ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ṣíìfù méjì tó ti di mẹ́ta, ó sì mọ èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń jẹ àwìn láti oṣù tó kọjá. Kò sí ojú-ìwé kankan tó máa sọ ìyẹn fún yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó ìkéde mẹ́wàá jọ fún ipò tí ẹ ń lé, kí ẹ sì ka ọ̀rọ̀ tó ń tún ara rẹ̀ sọ. Èyí tó bá hàn nínú mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi Excel, SAP (ètò kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ fi ń ṣe ìṣírò), ICAN (ìwé-ẹ̀rí ẹgbẹ́ àwọn akáńtáǹtì Nàìjíríà), gbọ́dọ̀ wà ní ìdajì òkè CV yín, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ lọ kọ́ ọ. Fún Excel, SUMIFS, VLOOKUP àti PivotTable ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣe ICAN, ẹ kọ ibi tí ẹ dé: Foundation, Skills tàbí Professional.

Gẹ̀ẹ́sì lẹ ó fi kọ CV, ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà nínú gbólóhùn méjì yìí. Àkọ́kọ́: "Mo ń bójú tó ìwé sítọ́ọ̀." Èkejì: "Mo ka ọjà oríṣi 340 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́wàá, mo rí àìbáramu ₦180,000, mo sì tọpa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìwé ẹrù tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì." Èkejì ni wọn yóò tìtorí rẹ̀ pè yín. Kí iye náà jẹ́ òótọ́ o, torí òun gan-an ni wọn yóò bi yín léèrè. Ojú-ewé méjì, PDF, láìsí àpótí tàbí àwòrán tó lè da kọ̀ǹpútà tó ń to CV láàmú. Ẹ fi orúkọ yín àti ipò náà sọ fáìlì, kó má jẹ́ "CV new final 2".

Lórí LinkedIn, ẹ wá ọ̀gá àgbà ẹ̀ka ìṣúná ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ má kọ "Good afternoon sir" kí ẹ wá dákẹ́ kẹ́ẹ́ máa retí èsì. Kò sẹ́ni tó ń dáhùn ìyẹn. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: "Ẹ káàsán sà. Akáńtáǹtì ni mí, Sàngó ni mò ń gbé. Mo ti ka ọjà sítọ́ọ̀ fún oṣù mẹ́wàá. Mo rí i pé ẹ ń fẹ ilé-iṣẹ́ yín ní Ọ̀tà. Ṣé ẹ̀ka yín yóò nílò ẹni tó ń ṣírò sítọ́ọ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sí i? CV mi nìyí." Bí kò bá fèsì, ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ọjọ́ iṣẹ́ méje, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan ti tó. Nínú ìwé kan, ẹ kọ orúkọ ilé-iṣẹ́, ẹni tí ẹ kọ̀wé sí, ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́, àti ohun tó kàn.

Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó fọ́ọ̀mù, aṣọ iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó gbà yín, jìbìtì ni. Ẹ yẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ wò lórí ojú-ìwé CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá jẹ́ alágbàtà ló fẹ́ gbà yín, ẹ bèèrè ẹni tí yóò máa san owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ìfẹ̀yìntì 2014 sọ pé agbanisíṣẹ́ á san ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ á san 8.

Bí ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá kò bá fèsì rárá, CV tàbí lẹ́tà ló ní àbùkù, ẹ tún un kọ kí ẹ tó kàn sí márùn-ún tó kù. Bí wọ́n bá ń pè yín àmọ́ tí wọn ò gbà yín, CV ò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan; ìdánwò Excel tàbí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ni kí ẹ lọ múra sílẹ̀ fún. Bí gbogbo wọn bá ń sọ pé kò sí àyè, ẹ tún padà lọ sí búkà ẹnu géètì.