Bí A Ṣe Ń Gba Àṣẹ Kóòtù Lórí Ogún Ẹni Tó Kú sí Èkó Láìkọ Ìwé Ìhágún

Báǹkì kì í kó owó olóògbé fún ẹnì kan kìkì nítorí pé orúkọ rẹ̀ ni olóògbé kọ sínú fọ́ọ̀mù gẹ́gẹ́ bí next of kin. Ẹni tí wọn yóò kàn sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni onítọ̀hún. Fọ́ọ̀mù náà kò sọ ọ́ di ajogún. Bí kò bá sí ìwé ìhágún, ọ̀dọ̀ Kóòtù Gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ní ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Probate Registry, ni ìdílé yóò ti gba àṣẹ, nínú ìwé tí àwọn lọ́yà mọ̀ sí Letters of Administration.

Kí ìwé yìí tó jáde, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi káàdì ATM olóògbé gba owó, kí wọ́n má sì ta ọkọ̀ tàbí ilẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ogún láìgbàṣẹ lè rí i pé kóòtù ní kó wá jíhìn gbogbo ohun tó mú. Mo mọ̀ pé ìnáwó ìsìnkú kì í dúró de ẹnikẹ́ni, nítorí náà kí ẹbí dáwó jọ, kí wọ́n sì tọ́jú gbogbo rìsíìtì, torí pé ìnáwó ìsìnkú tó bá mọ níwọ̀n wà lára ohun tí a máa ń kọ́kọ́ yọ kúrò nínú ogún kí a tó pín in.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìwé ẹ̀rí ikú. Èyí tí ilé ìwòsàn fúnni kò tó. Ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì àjọ tó ń ka iye ènìyàn, National Population Commission, kí wọ́n fún yín ní ti ìjọba.

Lẹ́yìn náà, kí ìdílé jókòó yan alábòójútó ogún. Wọn kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́rin lọ, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 bá sì wà lára àwọn ajogún, wọn kò gbọ́dọ̀ dín ní méjì. Ọkọ tàbí aya tó kù àti àwọn ọmọ ló sábà máa ń ní ẹ̀tọ́ ṣáájú. Bí olóògbé bá jẹ́ olórogún, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ìyá kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí láàárín wọn, nítorí ilé tí a bá ti yọ ìyá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìjà ti máa ń dé kóòtù.

Ìgbésẹ̀ tó gba sùúrù jù lọ ni kíkọ gbogbo dúkìá sílẹ̀: ilé, ilẹ̀, ọkọ̀, ìpín nínú ilé iṣẹ́, owó ìfẹ̀yìntì, àti àkáǹtì báǹkì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ kọ gbèsè tó jẹ pẹ̀lú. Ẹ yẹ fóònù, àpò ìwé àti ìwé owó oṣù rẹ̀ wò dáadáa, nítorí pé báǹkì tí ẹ bá gbàgbé lè kọ̀ láti dá yín lóhùn, ẹ ó sì tún padà sí kóòtù láti lọ fi kún un.

Nígbà náà ni ẹ óò kún fọ́ọ̀mù ní Probate Registry, tí àwọn alábòójútó yóò búra, tí wọn yóò sì mú oníduró àti fọ́tò pásípọ́ọ̀tù wá. Owó tí ẹ óò san fún ìjọba máa ń ga bí iye dúkìá bá ṣe ga tó. Wọn yóò kéde ọ̀rọ̀ náà síta, kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ ọ́. Bí àtakò bá wà, ìwé náà yóò dúró títí adájọ́ yóò fi dá a.

Bí ìwé bá ti jáde, kí àwọn alábòójútó gba owó jọ sí àkáǹtì kan ṣoṣo, kí wọ́n san gbèsè, kí wọ́n tó pín ohun tó kù. Ibí yìí ni irú ìgbéyàwó olóògbé ti máa ń ṣe pàtàkì. Bó bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù, òfin ìbójútó ogún ti Ìpínlẹ̀ Èkó ka aya tàbí ọkọ mọ́ àwọn tó ń jogún pẹ̀lú àwọn ọmọ. Bó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan, àwọn ọmọ ló ń jogún, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àṣà wa kò ka ìyàwó sí ajogún ọkọ rẹ̀, ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ nígbàkígbà tí mo bá rí opó tó bá ọkọ rẹ̀ kọ́ ilé. Ìdí igi ni ìlànà pípín tó wọ́pọ̀, níbi tí ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń gba ìpín kan, yálà ọmọ kan ló bí tàbí márùn-ún. Orí-ò-jorí, níbi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ń gba ìpín tó dọ́gba, wà fún ìgbà tí ìjà bá wà lórí bí a ṣe fẹ́ pín in. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, kóòtù ìkẹyìn fún ẹjọ́ ilẹ̀ wa nígbà náà, tí ìdájọ́ rẹ̀ sì jáde ní 1962, ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án ni olóògbé ní, ìdí igi ni kóòtù sì fọwọ́ sí. Ẹ má sì yọ ọmọ tí wọ́n bí síta sílẹ̀: abala 42 nínú òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wa (Constitution) ti 1999 kò gbà kí a fi ẹ̀tọ́ du ẹnikẹ́ni nítorí bí wọ́n ṣe bí i.

Ní ti ilé àti ilẹ̀, àwọn alábòójútó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé tí yóò gbé ìpín ajogún kọ̀ọ̀kan lé e lọ́wọ́. Títí di ìgbà náà, orúkọ wọn tó wà lórí ìwé kóòtù kò sọ ilé di tiwọn, ajogún èyíkéyìí sì lè béèrè lọ́wọ́ kóòtù pé kí wọ́n wá ṣí ìwé ìṣirò wọn fún òun.