Bí A Ṣe Ń Béèrè Owó Ẹsẹ̀ Àtọwọ́dá Lábẹ́ Ìṣúránsì Ìlera

Ẹni tí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Rẹ́mọ, ìbáà jẹ́ jàǹbá ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni ó fà á tàbí egbò àtọ̀gbẹ tí kò jinná, ní láti yẹ ìwé ìṣúránsì rẹ̀ wò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò wọn ẹsẹ̀ àtọwọ́dá fún un.

Ètò ìṣúránsì ìlera ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí a mọ̀ sí NHIS kí òfin ọdún 2022 tó sọ ọ́ di NHIA, ka ẹsẹ̀ àti apá àtọwọ́dá mọ́ ohun tí ó ń sanwó fún lórí àwọn òṣìṣẹ́ abẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pààlà sí i pé èyí tí a ṣe ní Nàìjíríà nìkan ni. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé orúnkún tí ó ti Jámánì wá síwájú yín, ẹ má ṣe retí pé HMO, ilé iṣẹ́ tí ó ń bá yín san owó ìtọ́jú lábẹ́ ètò náà, yóò dá sí i, bí ó ti wù kí ó dán tó. Bí ó bá jẹ́ ètò ti ìpínlẹ̀ Ògùn tàbí ti aládàáni ni ẹ wà, ẹ gba ẹ̀dà ìwé àdéhùn yín, kí ẹ sì ka ojú ìwé tí wọ́n to ohun tí wọn kò ní san sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa ń sá pamọ́ sí.

Ilé ìwòsàn tí ẹ fi orúkọ sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ kékeré kan ní Ìpẹ̀rù, ni yóò kọ ìwé tí yóò fi yín ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, bí irú ti Yunifásítì Ọlábísí Ònàbánjọ ní Ṣágámù, àwọn náà sì lè darí yín sí ilé ìwòsàn egungun ní Igbóbì, Èkó. HMO yóò wá fún yín ní kóòdù ìyọ̀ǹda, ìyẹn nọ́ńbà tí ó fi hàn pé wọ́n ti gbà láti sanwó. Ẹ gba kóòdù yìí kí ẹ tó san kọ́bọ̀, nítorí owó tí ó bá ti ṣáájú rẹ̀ jáde ṣòro láti gbà padà. Ẹ bẹ dókítà kí ó kọ ọ́ kedere bóyá òkè orúnkún ni wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà tàbí ìsàlẹ̀, pé ojú egbò ti jinná, àti irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Àgbẹ̀ tí ń rìn nínú pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ àti akọ̀wé tí ń jókòó kò nílò irú ẹsẹ̀ kan náà.

Ẹ má sì ṣe kánjú wọ̀n ọ́n. Kùkùté ẹsẹ̀ máa ń wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, báńdéèjì tí a ń wé mọ́ ọn lójoojúmọ́ ni ìwú náà fi ń wálẹ̀. Bí a bá wọ̀n ọ́n ṣáájú ìgbà náà, ihò tí a ń ki kùkùté bọ̀ yóò ṣò, yóò sì máa bó yín láwọ. Kódà láìkánjú, kùkùté ṣì máa ń tín-ín-rín sí i, nítorí náà ẹ béèrè bóyá HMO yóò san owó àtúnṣe ihò náà àti ti ìkọ́ni ní ìrìn.

Bí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ni ó gé apá, ọ̀nà mìíràn ni. Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́, èyí tí NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ kan, ń bójú tó, mẹ́nu ba ẹ̀yà ara àtọwọ́dá, agbanisíṣẹ́ ni ó sì ń san owó ètò náà, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ẹ fi tó agbanisíṣẹ́ létí láàárín ọjọ́ 14, kí ẹ sì kọ ìwé ìbéèrè yín kí ọdún kan tó pé.

Bí HMO bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé. Ìwé náà, pẹ̀lú ti dókítà, ni ẹ óò fi pe ẹjọ́ wọn ní ọ́fíìsì NHIA.