Ìrọ̀lẹ́ fàájì l'Ékòó láì ná gbogbo owó yín sórí mọ́tò

Ohun tó máa ń ba ìrọ̀lẹ́ olólùfẹ́ méjì tó wá ṣàlejò jẹ́ l'Ékòó kì í ṣe pé ibi ìgbafẹ́ wọ́n, mọ́tò ni. Ìgbà àkọ́kọ́ témi àti ọkọ mi wá láti Ìbàdàn, a ò tíì ṣègbéyàwó nígbà yẹn, Ìkẹjà la dé sí, a wá ní ká lọ jẹun ní Victoria Island lálẹ́ Fráìdé, àfi bá a ṣe wọ tasí tá a há sórí bíríìjì fún wákàtí méjì àbọ̀, nígbà tá a máa fi débẹ̀ owó tá a fẹ́ fi jẹun ti bá mọ́tò lọ, ebi ti pa wá dójú ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ mọ́. Látọjọ́ yẹn ni mo ti ṣe é lófin: ìrọ̀lẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kan. Tẹ́ẹ bá dé sí Island, ìyẹn apá Lagos Island, Ìkòyí, Victoria Island àti Lekki, ẹ ṣe fàájì yín ní Island, tó bá sì jẹ́ Mainland lẹ wà, ìyẹn apá Ìkẹjà, Yaba àti Súrùlérè, Mainland náà ní ibi tó dáa, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ ò tíì rí Èkó àfi tẹ́ẹ bá dé Lekki.

Ẹ tún wo àsìkò. Lọ́jọ́ iṣẹ́, láti bí aago 4 làwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Island ti máa ń rọ́ padà sí Mainland, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ yẹn lè wọ aago 9. Sọ́ńdè ló dáa jù lójú tèmi, títì á fúyẹ́, ara gbogbo èèyàn á ti balẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan péré lẹ ní, apá Marina sí Oníkàn ní Lagos Island ni kẹ́ẹ lọ, mo fọwọ́ sọ̀yà. Kẹ́ẹ sì gba orí réluwéè Blue Line débẹ̀ tẹ́ẹ bá wà lápá Súrùlérè tàbí Mile 2, òfin mi ò ká ìyẹn, torí réluwéè kì í há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Oṣù September 2023 ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, láti Mile 2 á yà ní Súrù-Àlàbá, Òrílé Ìgànmú àti National Theatre kó tó dé Marina, gbogbo ẹ̀ kìlómítà 13. Ẹ ra káàdì Cowry tí wọ́n fi ń sanwó ọkọ̀ ní ibùdó, ẹ fowó sí i, kí kálukú ní tiẹ̀, káàdì yẹn náà lẹ máa fi wọ BRT, àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó ní ọ̀nà tiwọn. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìgbà tí oòrùn bá ti ń rẹlẹ̀ lẹ máa wọ̀ ọ́ o, torí láti National Theatre sí Marina, orí omi ló ń gbà kọjá, ọ̀sà á máa dán bíi bàbà, iná á ti máa tàn níkọ̀ọ̀kan lára àwọn ilé gogoro Marina lọ́ọ̀ọ́kán. Ìgbà tá a kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ọkọ mi kàn di ọwọ́ mi mú, kò sọ nǹkan kan títí a fi dúró. Owó bọ́ọ̀sì lásán la san fún gbogbo ìyẹn.

Tẹ́ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ forí lé Freedom Park ní Broad Street, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn ín tẹ́ ò bá wọ bàtà gogoro. Ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó amúnisìn, wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́bẹ̀ rí, wọ́n ti Awólọ́wọ̀ náà mọ́bẹ̀. Ní 2010, tí Nàìjíríà pé 50 ọdún tó ti gbòmìnira, ni wọ́n ṣí i fún aráàlú gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́, ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn nígbà yẹn làwọn olórin àti eléré ń dúró sí ṣeré báyìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní ta ló ń mú olólùfẹ́ ẹ̀ lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ tèmi, ibi tẹ́ẹ ti máa rí ọ̀rọ̀ bá ara yín sọ ló yẹ kẹ́ẹ lọ, ibi tí wọ́n bá ti ń da orin bo èèyàn látìgbà tẹ́ẹ ti wọlé, kí lẹ fẹ́ bá ara yín sọ níbẹ̀? Ní Freedom Park, igi wà, àga wà, ẹ máa rí bí yàrá ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan ṣe kéré tó, ọ̀rọ̀ á kàn máa wá fúnra ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí kò bá sí eré ńlá, owó ìwọlé ò gara.

Oúnjẹ wà nínú ọgbà, àmọ́ ọgbọ́n témi máa ń dá ni pé a máa ń fi bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà tàbí àkàrà gbígbóná panu níta ká tó wọlé, tá a bá wá dé inú, a á ra abọ́ kan, a á jọ jẹ ẹ́, mínírà kọ̀ọ̀kan, ó parí. Ọ̀kan lára àwọn ìrọ̀lẹ́ tí mo fẹ́ràn jù láyé mi nìyẹn, abọ́ ìrẹsì kan, ṣíbí méjì.

Tẹ́ẹ bá tètè dé, ẹ kọjá ní òpópónà Kakawa kẹ́ẹ wo iwájú Ilé Olómi, ilé àwọn Da Rocha, Àgùdà tó ti Bràsíl bọ̀. Àwọn ará Èkó ra omi nínú ilé yẹn nígbà kan, ibẹ̀ lorúkọ ẹ̀ ti wá, ẹ ṣáà mọ̀ báwọn àgbà ṣe máa ń bèèrè pé ṣé o lówó tó Dárọ̀ṣà ni. Mùsíọ́ọ̀mù Oníkàn náà ò jìnnà, ọkọ̀ tí wọ́n pa Murtala Muhammed sínú ẹ̀ ní 1976 wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀sán ni kẹ́ẹ lọ, kì í ṣí di alẹ́.

Tó bá jẹ́ Ìkòyí tàbí Lekki lẹ dé sí, ẹ rin bíríìjì Lekki sí Ìkòyí lẹ́sẹ̀. 2013 ni wọ́n ṣí i, ọlọ́kọ̀ ló ń sanwó níbẹ̀, ẹni tó fẹsẹ̀ rìn ò san kọ́bọ̀. Ó ju kìlómítà kan lọ díẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ yín látorí omi, iná ara bíríìjì yẹn dáa gan-an tílẹ̀ bá ti ń ṣú. Kí fóònù wà nínú báàgì, ẹ yọ ọ́ ya fọ́tò kẹ́ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà ẹ lè wọ tasí lọ jẹ súyà ní Glover Court, n'Ìkòyí níbẹ̀. Ẹ ní kí màláàmù gé e lójú yín, kẹ́ẹ sì ti bèèrè iye tí igi kan jẹ́ kó tó dé orí iná, tó bá ti gé e tán ẹnu yín ò tólẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ dé sí Mainland, tó bá jẹ́ réluwéè Ìbàdàn lẹ bá wá, Ẹ̀búté Mẹ́ta ló máa já yín sí, Yaba ò dẹ̀ jìnnà síbẹ̀. Ẹ lọ sí etí ọ̀sà inú UNILAG ní bí aago 5, ẹ jókòó, ẹ máa wo Third Mainland Bridge lókèèrè pẹ̀lú gbogbo mọ́tò tó ń rákò lórí ẹ̀, ẹ̀yin ẹ sì jókòó jẹ́jẹ́ yín. Tílẹ̀ bá fẹ́ ṣú, ẹ bọ́ sí Yaba lọ jẹ ẹ̀wà agánńyìn pẹ̀lú búrẹ́dì Agége. Tó bá jẹ́ Ìkẹjà lẹ sùn, New Afrika Shrine wà ní Agídìngbí, àwọn ọmọ Fẹlá ló dá a sílẹ̀ ní 2000, ṣùgbọ́n ẹni tó lè pẹ́ lóru nìkan ni kó lọ, torí ọ̀gànjọ́ níbẹ̀ ń dùn.

Ọ̀rọ̀ ààbò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ṣeré. Inú gáréèjì ni kẹ́ẹ ti wọ dáńfó, ẹ má wọ èyí tó kàn dúró lójú ọ̀nà lálẹ́ tó sọ pé ẹyọ ẹnì méjì ló kù. Láti June 2022 ni wọn ò ti gba ọ̀kadà láyè mọ́ ní Island, Ìkẹjà, Súrùlérè àti apá Yaba, torí náà tí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ẹ gun tòun, ẹ dúpẹ́. Ọkọ̀ ojú omi dùn-ún wọ̀, àmọ́ òfin ò gbà á lálẹ́, kẹ́ẹ wọ̀ ọ́ nígbà tójú ṣì mọ́, kẹ́ẹ sì so ẹ̀wù ìdáàbòbò yẹn mọ́ra.

Kẹ́ẹ tó jáde ní ibùdó Marina ní ìrọ̀lẹ́, ẹ bi wọ́n ní aago tí réluwéè tó kẹ́yìn máa lọ. Owó ìpadàbọ̀, ẹ yọ ọ́ sápò ọ̀tọ̀ látilé, ẹ ṣe bíi pé ẹ ti ná an. Ọkọ mi ló máa ń mú tiwa lọ́wọ́, èmi mú owó oúnjẹ, tó bá wá ṣẹ́kù a á fi ra súyà dání, a á jẹ ẹ́ nínú yàrá.