Iná ọkọ̀ tó ń yí ojú fúnra rẹ̀: bí ẹ ṣe máa lò ó, bí ẹ ṣe máa tún un ṣe

Ẹ̀yin èèyàn wa, òkun o. Tí ẹ bá ń wa Lexus RX330, RX350 tàbí ES350, ẹ lọ wo dáṣíbọọdù yín. Tí ẹ bá rí iná yẹ́lò kékeré kan tí wọ́n kọ AFS OFF sí, tó ń ṣẹ́jú látọjọ́ tí ẹ ti ra ọkọ̀ náà, tí ríwáyà sì ti sọ fún yín pé kò sí nǹkan tó ń ṣe, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Nǹkan wà tó ń ṣe. Héèdiláìtì yín ò mọ ibi tó yẹ kó kọjú sí mọ́ ni, ẹ̀yin náà sì mọ bí ojú ọ̀nà Kàbà sí Mọ̀pà ṣe máa ń rí lálẹ́, kò síná títì, kọ́nà lórí kọ́nà, ẹran lè yọ nígbàkigbà.

Ká tó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ yín torí wọn ò rí bákan náà. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń bá stíárìn yí. Tí ẹ bá yíwọ́ sọ́tùn-ún, iná á yí díẹ̀ sọ́tùn-ún kí ẹ lè rí inú kọ́nà kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Kì í ṣe nǹkan àná o, Citroën DS ti ń ṣe é ní Faransé láti 1967, wáyà lásán ni wọ́n fi so iná mọ́ stíárìn nígbà yẹn, kò sí kọ̀ǹpútà ńbẹ̀. Ti ìsinsìnyí, mọ́tò kékeré ló ń yí i, kọ̀ǹpútà á wo bí ẹ ṣe yíwọ́ tó àti bí ẹ ṣe ń sáré tó kó tó pinnu. AFS tí Lexus ń kọ nìyẹn. Èkejì ni iná tó ń gbé ojú ara rẹ̀ sókè sódò bí ẹrù bá ṣe wúwo tó, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lo gílóòbù xenon, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ funfun tó sì lágbára, ló ní i. Ẹ̀kẹta ni kámẹ́rà tó wà lẹ́yìn díńgí àárín, tó bá rí iná ẹni tó ń bọ̀ á dímù fún un, tó bá kọjá tán á tún tan fúlù. Èyí ló wà nínú Corolla láti 2017 àti Camry láti 2018, àwọn tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà.

Ó ku èyí tó gbọ́n jù, tí wọ́n ń pè ní matrix. LED púpọ̀ ló wà nínú iná kan ṣoṣo, kámẹ́rà á pa ìwọ̀nba tó kọjú sí ẹni tó ń bọ̀, ìyókù á wà ní fúlù. Audi A8 ti 2013 ló gbé e jáde. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ta ọkọ̀ tan yín jẹ lórí èyí o, torí pé February 2022 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí irú iná yẹn, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ nínú tòkúnbọ̀ wa ti ń wá. Ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, tó jẹ́ ti ọdún tó ṣáájú ìgbà yẹn, kò lè máa ṣe matrix, bí èyí tí wọ́n tà ní Jámánì bá tiẹ̀ ń ṣe é. Tí wọ́n bá torí ẹ̀ bu owó lé e, ẹ má san án.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Nírọ̀lẹ́, ẹ páàkì kí ẹ kọjú sí ògiri, ẹ sitáàtì, ẹ tanná. Èyí tó ń gbéra sókè sódò, ẹ máa rí i tí ìlà iná náà máa kọ́kọ́ wálẹ̀ tó sì máa gòkè padà lójú yín. Tí kò bá mira rárá, ó lè jẹ́ pé ó ti kú, ó sì lè jẹ́ pé ọkọ̀ yín ò ní i látilẹ̀, ìwé ọkọ̀ lẹ máa fi mọ̀. Ti AFS yàtọ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ò ní yíná àyàfi tí táyà bá ń yí, torí náà ẹ má dúró sójú kan máa yí stíárìn kí ẹ wá sọ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ wá pápá tó fẹ̀, ẹ máa wà á díẹ̀díẹ̀, kí ẹ yíwọ́.

Ẹ jẹ́ á padà sórí AFS OFF yẹn. Bọ́tìnnì kan wà lápá òsì stíárìn tí wọ́n kọ AFS OFF sí. Tí iná dáṣíbọọdù bá tàn tí kò ṣẹ́jú, ẹnì kan ló tẹ bọ́tìnnì yẹn, ẹ tún un tẹ̀, ó parí. Tó bá ń ṣẹ́jú, ìyẹn ni kọ̀ǹpútà ti rí àléébù. Ibi tí ẹ máa kọ́kọ́ wò, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni, kì í ṣe iwájú! Ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ríwáyà máa na owó oníbàárà lásán nìyí, wọ́n á tú héèdiláìtì sílẹ̀, wọ́n á pààrọ̀ gílóòbù, wọ́n á pààrọ̀ fiúsì, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà, torí kọ̀ǹpútà AFS yẹn náà ló ń gbé ojú iná sókè sódò.

Ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sórí ìdúró tó lágbára, ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó di táyà mú. Ẹ máa rí rọ́bà dúdú kékeré kan tí wáyà wọ inú rẹ̀, apá pẹlẹbẹ kan yọ lára rẹ̀, ọ̀pá tínńrín kan tó tó ìka sì so apá yẹn mọ́ irin ìsàlẹ̀. Ìyẹn ni sẹ́ńsọ̀ gíga. Bí ẹ̀yìn bá tẹ̀ nítorí ẹrù, ọ̀pá á ti apá, kọ̀ǹpútà á mọ̀ pé imú ọkọ̀ ti gbé sókè, á bá yín rẹ iná sílẹ̀. Ọ̀pá yẹn ló máa ń já. Ìpẹtà tó ti òkè òkun bá a wá ti jẹ ojú ibi tó ti ń yí, kòtò ọ̀nà wa á wá bá a parí ẹ̀. Ẹ fọwọ́ mi í: tí ọ̀pá bá ti já, tàbí tí apá ò bá yí wẹ́rẹ́ mọ́, ẹ ti rí i nìyẹn.

Tó bá jẹ́ ọ̀pá nìkan ló já tí apá ṣì ń yí dáadáa, ọ̀pá nìkan lẹ máa wá, kò dandan kí ẹ ra gbogbo ẹ̀. Ẹ mú èyí tó já dání lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pààtì kí gígùn wọn lè dọ́gba, torí tó bá fi díẹ̀ gùn jù tàbí kúrú jù, irọ́ ló máa máa pa fún kọ̀ǹpútà. Ohun tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbà ni kí wọ́n fi wáyà de apá náà mọ́lẹ̀ kí iná dáṣíbọọdù lè kú. Ó máa kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti di kọ̀ǹpútà lójú nìyẹn, ibì kan náà lá máa rò pé ọkọ̀ wà títí láé, ẹ di ẹrù kún búùtù, iná yín á lọ máa lu ojú ẹni tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti pààrọ̀ ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi skáànà kọ́ ọ ní ipò rẹ̀ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí búùtù ṣófo. Skáànà tó ń ka ẹ́ńjìnì nìkan ò lè ṣe é, ẹ béèrè èyí tó ń wọ inú AFS kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá ṣì ń ṣẹ́jú, ẹ bi ara yín bóyá ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe aláínmẹ́ǹtì tàbí ẹ yọ bátìrì láìpẹ́, torí sẹ́ńsọ̀ stíárìn lè pàdánù àárín rẹ̀, òun náà skáànà ló ń tún un ṣe.

Bó ti wù kí iná gbọ́n tó, tí wọn ò bá ti gbé ojú rẹ̀ síbi tó yẹ látìbẹ̀rẹ̀, ó kàn ń fi ọgbọ́n ṣe àṣìṣe ni. Ẹ lè ṣe èyí nílé láìsan kọ́bọ̀. Ẹ fátẹ́gùn sí táyà bó ṣe yẹ, ẹ kó ẹrù kúrò, kí ẹnì kan jókòó síbi dírẹ́bà. Ẹ páàkì ní mítà 10 sí ògiri lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ wọn gíga láti ilẹ̀ dé àárín héèdiláìtì, ẹ lẹ tépù mọ́ ògiri ní gíga yẹn, kí ẹ tan dímù. Ìlà tó pààlà láàárín ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn yẹ kó wà ní ìsàlẹ̀ tépù, bíi sẹ̀ǹtímítà 10. Tó bá ga ju tépù lọ, ẹ ń fọ́ àwọn èèyàn lójú nìyẹn. Skrúù wà lẹ́yìn iná tí ẹ lè fi skrúdíráfà yí, ẹ yí i díẹ̀ kí ẹ wò ó, kí ẹ tún yí i.

Bí ẹ ṣe wà lójú ògiri yẹn, ẹ wo apá ibi tí ìlà náà ti gòkè. Ọ̀tún ló yẹ kó gòkè sí. Láti April 2, 1972 la ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún ní Nàìjíríà, iná tí wọ́n ṣe fún Ìlú Ọba tàbí Japan sì máa ń gòkè sósì, tó túmọ̀ sí pé ojú ẹni tó ń bọ̀ ló ń wò tààrà. Ẹni tó bá fọ́ iná nínú ìjàm̀bá tó wá ra èyí tó bá sàn lọ́jà, irú ẹ̀ ló sábà máa ń kó sí i. Ẹ dá a padà, skrúù ò lè tún ìyẹn ṣe.

Ọkọ̀ tí kò ní sẹ́ńsọ̀ gíga, ẹ wò ó bóyá ó ní róòlà kékeré tí wọ́n kọ 0 sí 3 sí lára, tó ń rẹ ojú iná sílẹ̀. Ẹ máa lò ó, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá ń kó iṣu bọ̀ láti Ẹ̀gbẹ̀, tí ẹ̀yìn ti tẹ̀, ẹ yí i lọ sí 2 tàbí 3. Tí ẹ bá já ẹrù, ẹ dá a padà sí 0.

Ti gíláàsì iná tó ti di yẹ́lò, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀: sáńdípépà tó ń jẹ́ 800, lẹ́yìn náà 1500, lẹ́yìn náà 2500, gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú omi, kí ẹ wá fi póḷíìṣì àti fáníìṣì tó ń dènà oòrùn parí ẹ̀. Àwọn tó ń fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́, ó máa mọ́ o, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́ tó máa padà. Gílóòbù xenon ńkọ́? D2S àti D4S ò ṣeé fi rọ́pò ara wọn, ẹ ka èyí tí wọ́n kọ sídìí ẹ̀. Kí ẹ sì paná kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, iná tó ń fi ń tàn níbẹ̀rẹ̀ lè ju 20,000 fóólìtì lọ. Ẹ má sì ki LED olówó pọ́ọ́kú bọ inú iná tí wọ́n ṣe fún gílóòbù lásán, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á kàn fọ́n káàkiri.

Ó wá ku ti kámẹ́rà. Ẹ yí iná sí AUTO, ẹ ti ọ̀pá rẹ̀ síwájú, àwòrán iná tó ní lẹ́tà A lára máa yọ lójú dáṣíbọọdù, kò sì ní tan fúlù àfi tí ẹ bá sáré dé ìwọ̀n kan. Lórí ọ̀nà kọnkéré Ọ̀bájànà sí Kàbà, ó wúlò gan-an, torí àwọn trélà sìmẹ́ǹtì tó ń bọ̀ ò ní í tán, ọwọ́ yín á sì sinmi. Ṣùgbọ́n iná ni kámẹ́rà ń wò, kì í ṣe èèyàn. Ọkadà tí kò níná, màálù tó ń sọdá ní ìrọ̀lẹ́, trélà tí eruku sìmẹ́ǹtì ti bo iná ẹ̀yìn ẹ̀ pátápátá, kò rí ìkankan nínú wọn. Ewé tí wọ́n já sójú títì nítorí ọkọ̀ tó bàjẹ́ níwájú, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí, kámẹ́rà ò mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá ń gun òkè tí ẹ rí i tí ojú ọ̀run ń funfun lódìkejì, ẹ fọwọ́ fa ọ̀pá náà kí ẹ dímù fúnra yín, torí ìgbà tí ọkọ̀ náà bá yọ tán ni kámẹ́rà tó máa rí i, fúlù yín á sì ti wọ̀ ọ́ lójú. Lásìkò ọyẹ́ tí eruku bolẹ̀, tàbí nígbà òjò ńlá, ẹ pa AUTO, dímù ni kí ẹ lò, fúlù á kàn tàn padà sójú yín ni. Ìrìn tó bá sì ṣeé rìn lọ́sàn-án, ẹ rìn ín lọ́sàn-án, ẹ mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí.

Tí gíláàsì iwájú bá fọ́ tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tó máa ṣe é pé kámẹ́rà wà níbẹ̀, kó má ra èyí tí kò ní àyè kámẹ́rà, kí wọ́n sì fi skáànà tún un wọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é tán. Ẹ má jẹ́ kí tíńtì kọjá níwájú kámẹ́rà. Ẹ máa nu ojú gíláàsì níbẹ̀ dáadáa lásìkò ọyẹ́, àti sítíkà ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ìwé ọkọ̀, igun ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa lẹ̀ wọ́n mọ́.