Bátìrì méje kú kí gílóòbù kan tó tàn

Bátìrì mẹ́wàá ni mo fi owó ara mi rà fún ẹ̀kọ́ iná mànàmáná ní kíláàsì karùn-ún. Kí a tó jáde, méje ti kú. Inú bí mi, nítorí ìwé ìkọ́ni tí mo tẹ̀ lé kò kìlọ̀ nǹkan kan. Ó kàn ń tẹnu mọ́ ọn pé ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń fi ohun tó fọwọ́ kàn mọ ìmọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń mọ ilé, bí Jean Piaget, onímọ̀ nípa bí ọmọ ṣe ń ronú, ṣe là á sílẹ̀. Òótọ́ ni. Àmọ́ orí ọmọ kì í ṣófo dé kíláàsì, ohun tó ti wà níbẹ̀ ló sì jẹ bátìrì mi.

Ètò rẹ̀ kò le: ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, bátìrì ńlá volt 1.5 kan, gílóòbù tọ́ọ̀ṣì kan, wáyà kan ṣoṣo tó gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, tí mo ti bó ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Kí gílóòbù ṣáà tàn.

Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ló fa wáyà láti orí bátìrì wá sí ìdí gílóòbù, tí wọ́n ń retí iná. Lójú wọn, iná ń ṣàn jáde bí omi ẹ̀rọ, gílóòbù á sì mu ún. Nígbà tí kò tàn, méje nínú wọn fi wáyà so orí bátìrì mọ́ ìdí bátìrì náà tààrà, wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ pa. Wáyà gbóná janjan, bátìrì kú, torí kò sí gílóòbù lójú ọ̀nà tó máa dá iná tó ń sá jáde dúró díẹ̀.

Mo ra méje mìíràn. Mo ṣàlàyé, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ kejì, ohun kan náà ni wọ́n tún ṣe! Mo wá bi wọ́n ní Yorùbá, torí pé ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ni wọ́n ń wò mí. (Kì í ṣe lásán ni Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ n'Ílé-Ifẹ̀ ní 1970.) Ọ̀rọ̀ jáde: "Wáyà fáànù ilé wa, ẹyọ kan ni, ó sì ń ṣiṣẹ́."

Mo mú wáyà fáànù tó ti bàjẹ́, tí mo ti gé púlọ́ọ̀gì rẹ̀ dà nù, mo fi abẹ ya awọ òde rẹ̀. Méjì ló wà nínú: aláwọ̀ ilẹ̀ àti búlúù. Mo ní kí wọ́n wo inú gílóòbù: òwú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ méjì, ọ̀kan wọ góńgó ìdí, ìkejì wọ ọrùn irin. Ẹgbẹ́ kan gbé ìdí gílóòbù lé orí bátìrì, wọ́n fi wáyà so ọrùn rẹ̀ mọ́ ìdí bátìrì. Ó tàn! Mi ò sọ ọ́ fún wọn. Àwọn fúnra wọn ló wó èrò àtijọ́, tí wọ́n tún òmíràn mọ.

Bí mo bá tún máa ṣe é, mà á kọ́kọ́ ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ya àwòrán ibi tí wáyà máa kàn, kí n tó fún wọn ní bátìrì. Kò ní sí sẹ́lótéèpù títí iná á fi tàn. Bí wáyà bá gbóná lọ́wọ́ ọmọ, á tú u ní kíá. Ẹ sì tan gílóòbù kọ̀ọ̀kan wò nílé. Òwú méjì nínú tèmi ti já, àwọn ọmọ tó so tiwọn bó ṣe yẹ wá rò pé àwọn ló ṣì í, wọ́n sì tú u padà sí ti àtijọ́.